Ọkùnrin Tó Bá Mi Tẹ́ Táìlì Pálọ̀

Táìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, ènìyàn kì í gun orí rẹ̀. Sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ológbò lásán bá kọjá níbẹ̀, á yẹ̀, ìlà á sì wọ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní sáìtì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi pákó dábùú ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí mò ń sọ yìí wọlé lọ́sàn-án gangan, ó la àárín táìlì tútù kọjá, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, kò sì sí ẹyọ kan tó mira.

Èébú ti dé ètè mi. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé ìlà dúró bí mo ṣe fi í sílẹ̀, mo bá gbé èébú náà mì.

"Jàmíù," ó ní, "ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."

Ohùn jẹ́jẹ́ ni. Nǹkan kejì tí kò tọ́ nìyẹn. Ilé tí kò tíì ní àga, tí kò ní kọ́tìnnì, bí o bá wúkọ́ nínú rẹ̀, ògiri á dá a padà fún ọ. Nígbà tí mo bi í pé ta ló rán an wá, ohùn tèmi dún yí ká pálọ̀. Tirẹ̀ kò dún padà rárá. Ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó tẹ̀síwájú, torí mo mọ àwọn èèyàn wa. Bí mo bá ti dárúkọ oògùn báyìí, wọ́n á ní, àṣé wèrè ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wí bẹ́ẹ̀, kó yáa wí i nísinsìnyí, ká lè rí ọ̀nà lọ. Ọmọ Ìwó ni mí. Iṣẹ́ táìlì ni mo kọ́, òun náà ni mò ń ṣe jẹun ní Èkó. Èmi àti Mọ́nsúrátù, ìyàwó mi, ń gbé ní Jakande, ní Ìlàsàn.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn kan dé bá mi tí kò ní ibà, tí kò sì ní egbò. Mo kàn dùbúlẹ̀, mi ò fẹ́ dìde mọ́. Mi ò wẹ̀, mi ò jẹun. Màá rí i pé ẹnu Mọ́nsúrátù ń ṣí, mi ò ní gbọ́ ohun tó ń wí. Nǹkan kan wà tó máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà náà. Mi ò rí i rí. Mo kàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, torí fóòmù á tẹ̀ wọlé níbi tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, yàrá á sì máa rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sílé kó tó gbẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún mi: pé ó ti rẹ̀ mí, kí n wá sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo dìde, mo rìn lọ sí etí òkun, mo ń wọ inú omi lọ. Àwọn apẹja ló fà mí jáde. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn.

Mọ́nsúrátù ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà Ọlábùnmí tó gbà wá níbẹ̀, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni wọ́n. Wọ́n ní ọkàn mi máa ń gòkè ju bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ gbì, pé oògùn kan wà tó máa mú un dúró sójú kan. Mo ní bíi lẹ́fẹ̀lì tí a fi ń wo ilẹ̀ kó má baà dẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó ṣiṣẹ́. Mo dìde, mo wẹ̀, mo tún rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kò sì wá mọ́. Àmọ́ ó ń gba tirẹ̀ lára mi. Ẹnu mi dà bí ẹni tó lá irin. Ikùn yọ sí mi níwájú bí ẹni tó ti di olówó. Òùngbẹ ń gbẹ mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbé omi ọ̀rá káàkiri bí aboyún, màá mu ún tán, màá sì tọ̀ ọ́ tán. Ìsìmáílà, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tẹ́ táìlì, ló sọ mí ní Tánkì, gbogbo sáìtì sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí. Ọwọ́ mi ló dùn mí. Ó ń gbọ̀n. Kì í ṣe púpọ̀. Bí mo bá mú kọ́ọ̀pù, tíì á máa jó nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n táìlì ò mọ díẹ̀. Ibi tí mo máa ń gbé e sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, mo ti wá ń gbé e, mò ń tún un gbé, ìlà mi a sì máa yà bí ẹni tó mu ẹmu.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì wá dé. Dókítà ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kí n má gbà á. Wọ́n ní bí omi bá dínkù lára mi, oògùn yìí á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, á sì di májèlé. Mọ́nsúrátù lọ bá àlùfáà wa, àlùfáà ní kò sí nǹkan tó ṣòro níbẹ̀, aláìsàn ni mí, kí a máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀, ìyàwó mi sì ti ń gbé oúnjẹ jáde lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó. Àgbà ọkùnrin tó ń ru àpò sìmẹ́ńtì gun àtẹ̀gùn, kó wá máa já omi ọ̀rá mu lọ́sàn-án ààwẹ̀ láàárín àwọn tí ètè wọn ti gbẹ. Àìsàn mi kò ní báńdéèjì tí wọ́n lè rí. Torí náà mo gba ààwẹ̀ mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Orí ààwẹ̀ yẹn ni mo wà nígbà tí ọkùnrin yẹn wọlé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, lẹ́yìn ọjà Ṣàngótẹ̀dó, kò ju pálọ̀ ìsàlẹ̀ lọ tó kù fún mi. Àwọn yòókù ti lọ kírun Ayílà ní mọ́ṣáláṣí. Èmi máa ń kí tèmi ní sáìtì, torí kí lèmọ́mù tó sàlámà, ìtọ̀ á ti ba àlùwàlá mi jẹ́.

Kò dáhùn ìbéèrè mi pé ta ló rán an. Aṣọ rẹ̀ mọ́, kò làágùn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọjọ́ yẹn lè yan ẹ̀pà. Ọmọdé ni ojú rẹ̀ sí mi, síbẹ̀ kò fi ẹ̀yin kún ọ̀rọ̀ tó ń bá mi sọ. Ó kúnlẹ̀. Bí orúnkún rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ mi dúró.

Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rí. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo ń wò ó. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí ti ìgbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́ ní Ìwó. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé táìlì kan, ó wọ àyè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Òun náà ń tẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé, bí gbogbo oníṣẹ́ ṣe máa ń ṣe. Àárín pálọ̀ ló lọ, ó sì ń tẹ́ ẹ gígùn, kò fẹ̀ ẹ́. Mo ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Ó ní bí òun ṣe ń ṣe tòun nìyẹn. Ìlà tó fà, bí mo bá ní kí n parọ́ mọ́ ọn pé kò dára, mi ò ní rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò lè wọ àárín rẹ̀. Kí Ìsìmáílà àti àwọn yòókù tó ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ti lọ, ọwọ́ mi sì tún ti ń gbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Gbádégẹṣin tó gba iṣẹ́ ilé náà wọlé wá wò. Wọ́n dúró lórí ìlà àárín yẹn, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ibí yìí ni ọwọ́ mi tí wọ́n mọ̀ wà, kí ló dé tí ibòmíràn rí jágajàga? Wọ́n ní bí mo bá lè parí pálọ̀ báyìí, kó dára. Bí mi ò bá lè ṣe é, ẹlòmíràn á parí rẹ̀, mi ò sì ní bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí lára. Bí wọ́n bá gba táìlì lọ́wọ́ mi, kí ló kù fún mi tí mo mọ̀ ọ́n ṣe?

Ọkùnrin náà tún wá lọ́sàn-án. Òùngbẹ ti di nǹkan mìíràn lára mi nígbà yẹn. Ahọ́n mi wúwo, ilẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ń wọ́ bí ti ọ̀mùtí. Ó kí mi kú ìfaradà. Ó ní kí n má mu omi o, pé ààwẹ̀ mi dára. A tẹ́ ẹ títí tí ojú táìlì kan ṣoṣo fi kù ní àárín pálọ̀. Ó da sìmẹ́ńtì síbẹ̀, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi.

"Oògùn tó wà lápò rẹ," ó ní. "Kó o sínú sìmẹ́ńtì yìí, kí o fi táìlì dé e. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n mọ́ láéláé."

Mo yọ wọ́n. Ṣé kí n parọ́ fún yín ni? Mo yọ wọ́n lápò, mo gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́, funfun, kéékèèké. Mo wò wọ́n pẹ̀lú ìkórìíra. Mo rántí ẹnu irin, mo rántí Tánkì, mo rántí bí Ọ̀gá ṣe mi orí. Mo kúnlẹ̀ létí ihò náà.

Àṣà kan wà tí oníṣẹ́ táìlì kì í lè jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá ti kúnlẹ̀, a máa ń fi ìdí òòlù kan táìlì. Bí sìmẹ́ńtì bá kún abẹ́ rẹ̀, á dún gbì, á sì parí. Bí òfìfo bá wà nísàlẹ̀, á dún kó, kó, bí igbá. Irú ẹ̀ kì í pẹ́. Bí ẹni tó sanra bá tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Ọwọ́ mi kan ń gbé oògùn, èkejì fi ìdí òòlù kan ìlà tó rẹwà yẹn fúnra rẹ̀.

Kó, kó.

Mo kan èyí tó tẹ̀lé e. Kó, kó. Mo rákò lọ títí dé òpin ìlà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣófo. Mo wá rákò lọ síbi tèmi, níbi tó rí jágajàga, tí ojú ti ń tì mí fún, mo kàn án. Gbì. Gbì. Gbì. Kò sí ọ̀kan tí kò kún.

Afẹ́fẹ́ díẹ̀ fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Òórùn aṣọ tí wọ́n ká sílé kó tó gbẹ.

Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ìyá mi.

"Ìwọ lo ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi," mo ní.

"Oògùn yẹn kò jẹ́ kí n ráyè jókòó mọ́," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti rẹ̀ ọ́, Jàmíù. Bò ó, kí o wá sinmi."

Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ inú bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Ẹni tó fẹ́ kí òkun gbé mi lọ, òun náà ló wá ń ṣàánú ọwọ́ mi. Mo nawọ́ òòlù, mo sì fi ìdí rẹ̀ kàn án láyà, bí mo ṣe ń kan táìlì. Ó dún. Kó, kó.

Mo da oògùn padà sápò, nítorí kò tíì tó àkókò tí mo ń lò ó. Omi ọ̀rá àwọn bíríkìlà wà lẹ́bàá ògiri. Mo rákò débẹ̀. Mo fi eyín já ọ̀kan, mo ní Bísímíláì, mo mu ún lójú rẹ̀ lọ́sàn-án ààwẹ̀, ó ń ṣàn sí mi láyà. Mo já òmíràn. Kò dá mi dúró. Ó kàn ń wò mí, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Mo ní, "Gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n. Ọwọ́ mi ni, kì í ṣe tìrẹ." Ògiri dá ohùn mi padà láti ibi gbogbo nínú pálọ̀, àní láti ibi tó dúró sí. Mo wò síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti gbé mi, mo dákú.

Ìsìmáílà ló bá mi nílẹ̀, òun ló gbé mi dé ọsibítù. Wọ́n fi dírípù sí mi lára. Dókítà Ọlábùnmí yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní oògùn ti kún inú rẹ̀ rékọjá ààlà nítorí àìmumi, pé ká ní mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bọ́. Wọ́n dá a dúró ná, lẹ́yìn náà wọ́n dín in kù, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara mi dá a dúró láé. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní oògùn tó pọ̀ jù lè mú kí ojú rí ohun tí kò sí.

Mọ́nsúrátù dúró títí dókítà fi jáde. Ó ti sunkún, ojú rẹ̀ wú.

"Ta lẹ fẹ́ fi ààwẹ̀ hàn?" ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ọlọ́run tó ní kí aláìsàn fi í sílẹ̀, ṣé ẹ gbọ́n jù Ú ni?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nínú tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí n yọ ọ́.

Ìbá parí síbẹ̀, ká ní kò sí táìlì. Nígbà tí mo padà sí Ṣàngótẹ̀dó, Ọ̀gá Gbádégẹṣin ní kí n kàn dí ojú kan tó kù, kí a lè kó ẹrù lọ. Mo ní rárá, a máa tú ìlà àárín. Wọ́n ní ṣé orí mi ti dàrú ni, ibi tó dára jù nínú ilé? Mo fún Ìsìmáílà ní òòlù, mo ní kó kàn án. Ó kàn án. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò bi Ọ̀gá mọ́ kó tó ti ṣíbí bíríkìlà bọ abẹ́ táìlì àkọ́kọ́.

Kò sí sìmẹ́ńtì lábẹ́ rẹ̀. Kò sí yanrìn. Ilẹ̀ tí àwa fúnra wa rí nígbà tí wọ́n ń da kọ́ńkéré sí i, kò sí níbẹ̀ mọ́. A tú gbogbo rẹ̀, ihò kan sì là sílẹ̀ níwájú wa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán, kò sí erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde níbì kankan nínú ilé. Ó dábùú kíbúlà, bí a ṣe ń gbẹ́ ti Mùsùlùmí, kí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ síbẹ̀ lè dojú kọ gábàsì. Ìsìmáílà wo ihò náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá wo èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀gá ṣí fìlà. Òórùn aṣọ tútù ń jáde bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ojú kan tó kù tí wọ́n ní kí n dí sì wà ní ọ̀gangan ibi tí àyà èèyàn máa wà.

Èmi ni mo da kọ́ńkéré kún un. Mo ti to irin sí i kí n tó dà á. Ìsìmáílà fẹ́ bá mi tẹ́ táìlì lé e, mo ní kó jókòó. Mo tẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, omi ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń mu ún lójú gbogbo ayé, ààwẹ̀ ò sì tíì parí. Nígbà tí mo ṣe tán, Ọ̀gá ní ìlà rẹ̀ yà díẹ̀ sí apá òsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yà, kí wọ́n kàn án. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án, ó dún gbì, wọ́n sì dìde. Wọn ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ṣì ń lo oògùn mi. Ẹnu mi ṣì ń ṣe bí irin, wọ́n ṣì ń pè mí ní Tánkì, mo sì ń dáhùn. Ilé kan ní Lẹ́kkí Phase 1 la wà báyìí. Bí mo bá kọ́kọ́ wọ yàrá tuntun, mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè, kí n gbọ́ bí ògiri ṣe máa dá mi lóhùn. Lọ́sàn-án àná, mo sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, igun kan kò dáhùn.

Mi ò sá. Mo lọ jókòó sí igun náà gan-an. Mo já omi ọ̀rá kan, mo mu ún tán, mo sì fi ìka mi tó ń gbọ̀n kan ilẹ̀.

"Mo kún," mo ní.

Nǹkan kan kàn án padà láti ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo já omi mìíràn.